Aṣọ Ìbora Àlejò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè wo àbàwọ́n lára aṣọ kó sì sọ ohun tí ẹni tó ni ín jẹ lánàá fún ọ. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà ní ilé ìfọṣọ tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi wà níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ wọlé, òun wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Má-jẹ̀ẹ́-ó-kù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí bí àbàwọ́n kò bá tiẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, yóò dá aṣọ náà padà sínú omi. Bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kó tó kí ẹnikẹ́ni, yóò tú aṣọ iṣẹ́ tó máa ń so mọ́ àyà, yóò sì jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọṣẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, máa ń sọ pé òun kì í jókòó pẹ́ lójú kan, kí ìyàwó òun má baà fọ òun mọ́ àga.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá ọmọ. Ohun tójú wọn rí nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, ẹnu mi ò lè sọ ọ́ tán. Nígbà tó yá, wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti gba ọmọ tọ́. Ìwé ń tẹ̀ lé ìwé fún ọdún mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó gbọ́ pé ọmọbìnrin olóṣù mẹ́jọ kan wà ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ilẹ̀ òkèèrè, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Wọ́n wọkọ̀ òfurufú, wọ́n lọ gbé e.

Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀ gbé ọmọ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó sì gbé aṣọ ìbora kékeré aláwọ̀ ewé kan lé e. Aṣọ náà ti ṣá, etí rẹ̀ ti ya. Ògbufọ̀ ní obìnrin náà sọ pé aṣọ tí ọmọ náà fi ń sùn nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé kò fi í sílẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi wo aṣọ náà bó ṣe máa ń wo aṣọ. Ó rí mílíìkì, ó rí itọ́, ó rí òógùn.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má ṣèyọnu," ó ní. "Màá fọ̀ ọ́ dáadáa."

Obìnrin náà lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọkọ̀ ti ń dúró dè wọ́n níta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo ti wà nílé wọn tí mò ń retí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bọ́ bàtà tó fi ti aṣọ náà bọ omi gbígbóná. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sá a, ó lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi dán, ó wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọmọ náà fà á mọ́ra, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ó ṣíwọ́, aṣọ náà bọ́ sílẹ̀, kò sì wò ó mọ́. Kò sunkún.

"Àǹtí, orí yín mà ṣe é o," mo ní. "Ọmọ tí kì í ké! Ẹ wo bó ṣe jókòó bí adájọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí ni mi ò lè gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ kan lọ, oṣù kan lọ, kò ké. Ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá fún un, ó ń sùn nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá gbé e, á jẹ́ kí wọ́n gbé e. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, kò burú. Ó ní orúkọ gidi nínú ìwé, ṣùgbọ́n Àlejò ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè é. Ó ní ọmọ yìí mọ ìwà àlejò hù ju àwọn ẹbí òun lọ, pé kì í béèrè nǹkan kan, kì í sì í bẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ. Àwàdà ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fi nǹkan kan dù ú. Iyàrá ọmọ náà mọ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Ìgò mílíìkì mẹ́fà tò lórí pẹpẹ bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Ní oṣù kẹrin, bí a ṣe ń kó aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan jọ níbi iṣẹ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Má pariwo."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ nǹkan kan lára."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Ọmọ yẹn ni mò ń sọ. Mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń gbé e. Bí ìgbà tí mò ń lọ aṣọ oníbàárà ló rí. Mo fẹ́ kó mọ́, mi ò fẹ́ kó jóná. Ó tán."

Inú bí mi. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ṣá? Ọmọ tí ẹ fi ọdún mọ́kànlá wá!" Ó fọ́n omi sórí àpò ìrọ̀rí kan, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Odidi ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, ojú sì ń tì mí báyìí tí mo bá rántí.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ sunkún, ó kàn ń ríran ni. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń bẹ ọmọ wò nílé àwọn tó gbà á tọ́. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìbẹ̀wò kẹta, ní oṣù kẹfà, ni àṣekágbá. Yóò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà di tiwọn títí láé. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé á lọ sí kọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá ní rárá, wọ́n á gbé e fún ẹbí mìíràn tó ti ń dúró.

"Tó bá bi mí, òótọ́ ni màá sọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹlòmíì á fẹ́ràn ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe, nígbà tí ọkàn mi ti kú tipiri?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò náà, mo yà sílé wọn kí a jọ lọ síbi iṣẹ́. Báàgì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Gbogbo aṣọ ọmọ náà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ká wọn. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ lé orúnkún. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń tún fíríìjì rẹ̀ ṣe, òun ló sì máa ń wà lọ́dọ̀ ọmọ títí a ó fi dé.

"Ṣé o ti pinnu nìyẹn?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Mo kàn kó o jọ ni, kí wọ́n má baà máa wá a kiri."

"Tóo bá ní rárá, mi ò ní bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n èmi á sunkún o. Mo sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó tún ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà ká, a sì lọ.

Nígbà tí a padà dé lọ́sàn-án, òṣìṣẹ́ ìjọba náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Kò sáyè fún bọ́kẹ́ẹ̀tì ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó sì mú obìnrin náà wọlé. Obìnrin náà wo yàrá, ó wo ìgò, ó wo báàgì, kò sì béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀. Ó wá rí aṣọ ìbora aláwọ̀ ewé náà lórí ibùsùn ọmọ, tí wọ́n ká a bí aṣọ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé èyí ni wọ́n fi gbé e wá? Kò lò ó mọ́ ni?"

"Kò fẹ́ ẹ mọ́ látìgbà tí mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́?"

"Lọ́jọ́ tí a dé. Lẹ́ẹ̀mejì."

Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀. Kò bínú. "Òórùn ibẹ̀ ló wà lára ẹ̀, Ìyá," ó ní. "Òun nìkan ló bá a wá."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ létí èékánná.

"Iṣẹ́ mi ni," ó ní. "Ó yẹ kí n mọ̀. Mo fọ ilé ẹ̀ kúrò lára aṣọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni a gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀. Ọmọ náà ti rá kòrò dé ìdí àga, ó ti fa aṣọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ tòun ti àga. Ó jókòó lórí ilẹ̀, ó ká aṣọ náà mọ́ra, ó fi bo imú. Òógùn gbogbo òwúrọ̀ ló wà lára aṣọ náà, pẹ̀lú sítáàṣì àti ooru áyọ́ọ̀nù. Ó di ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe, aṣọ ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ké. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, a kò gbọ́ ọ rí. Ó ké tí ọrùn rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àlejò wo ló ń bá onílé du aṣọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sójú kan pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dá a padà fún un, ó sì gbé ọmọ náà tòun ti aṣọ mọ́ àyà. Igbe náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin náà dúró títí ọmọ fi dákẹ́. "Ìyá, ìbéèrè tí mo bá wá ṣì wà nílẹ̀ o."

"Mi ò tíì lè sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ti mọ òórùn mi. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fọ̀ ọ́ dànù. Mi ò lè gba èyí náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiwa ni."

Ọkọ rẹ̀ gbé báàgì náà wọ yàrá lọ, ó ń kó aṣọ padà sínú dúrọ́ọ̀. Kò mọ aṣọ ká, gbogbo rẹ̀ ló rún. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, kò sì tún wọn ká.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Aṣọ iṣẹ́ mìíràn ni ẹ̀gbọ́n mi ń so lọ síbi iṣẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ wà lórí ibùsùn ọmọ, itọ́ àti mílíìkì ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó sì ń rùn. Èmi tí mò ń gba aṣọ wọlé mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú un, mo ní ó tó kí a fọ̀ ọ́. Má-jẹ̀ẹ́-ó-kù já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sí imú tirẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì dá a padà sórí ibùsùn.