Ọjọ́ Mọ́kànlélógún tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Dá Mi Lóhùn

Kí n má purọ́, ẹnu mi kì í dákẹ́, inú mi sì máa ń tètè bí. Gbogbo ọjà Adjamé Roxy ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń rẹ ara mi sílẹ̀ fún lọ́jà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n mú mi wá sí Abidjan láti Ìgbòho nígbà tí mi ò tíì gbọ́ Faransé kan. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi, àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní òwò abọ́ àti ìkòkò, àwọn náà ni wọ́n fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Nítorí náà, láràárọ̀, kí n tó ṣí ìsọ̀ mi, ìsọ̀ tiwọn ni mo ń kọ́kọ́ lọ. Màá kúnlẹ̀ láàárín ìkòkò, wọn á di ọwọ́ mi mú, wọn á tẹjú mọ́ mi, wọn á wá máa béèrè: ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, kí lẹ jẹ sùn? Tí wọn ò bá tíì béèrè tán, mi ò gbọdọ̀ dìde.

Nígbà tí a kó lọ sí Riviera, àdúgbò tó jìnnà sọ́jà, ni nǹkan yí padà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kí n tètè dé ọjà, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà mi ní Bouaké àti Daloa á ti máa béèrè àwòrán ọjà lórí fóònù kí n tó bọ́jú tán. Mo ní kò burú, ayé ti dayé fóònù. Inú ọkọ̀ gbaka ni mo ti ń gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi: ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀. Obìnrin ará Ṣakí kan tó jókòó tì mí wo báàgì tó wà lórí itan mi, ó ní orí ìjókòó wo ni mo kúnlẹ̀ sí. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé Adjamé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dá mi lóhùn. Àmì búlúù méjì yọ, mo mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo pè wọ́n, wọ́n pa á. Inú bí mi. Kí ni mo ṣe? Ṣé mi ò kí wọn ni? Mo ní èmi náà ò ní yà sí ìsọ̀ wọn mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́ ìkíni orí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, ìkejì lọ. Nígbà tó di ìkẹta, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí. Mi ò ní ìyá mọ́, mi ò ní bàbá. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ̀ mí, ta ló kù tó máa pè mí lọ́mọ ní Abidjan? Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ọkọ mi ní àbúrò kì í bá ẹ̀gbọ́n ṣe agídí, kí n gbéra kí n lọ.

Mo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà ni mo gbé lọ. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń to abọ́. Mo kí wọn, wọn ò wẹ̀yìn. Mo tún kí wọn, ohùn mi ròkè. Àwọn ará ìsọ̀ kejì yíjú, ẹ̀gbọ́n mi ò yí. Mo ní háà, ó ti burú tó báyìí! Ìgbà tí oníbàárà kan fọwọ́ kàn wọ́n léjìká ni wọ́n tó rí mi. Ẹ̀rín gba ẹnu wọn. Ẹ̀rín yẹn rú mi lójú, síbẹ̀ mo da gbogbo ẹ̀sùn mi sílẹ̀. Wọ́n ń wo ẹnu mi, wọn ò mójú kúrò. Nígbà tí mo parí, wọ́n fà mí jókòó.

“Etí mi ti lọ,” wọ́n ní. “Látìgbà ààwẹ̀ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ẹnu rẹ ni mo ń wò kí n tó mọ ohun tí ò ń sọ.”

Mo bi wọ́n pé ìkíni orí fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ láràárọ̀ wá ńkọ́.

“Gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn ń wo àmì kékeré tó máa ń rìn lójú fóònù yẹn, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀. Tó bá ti dúró, mo mọ̀ pé o ti parí.”

Mo sunkún, mi ò tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti rò pé Riviera ti gbà mí lọ́wọ́ àwọn. Mo ní a jọ máa lọ rí dókítà lọ́la, wọ́n gbà. Wọ́n wá pàṣẹ tiwọn.

“Àwòrán àwọn ọmọ, máa fi ránṣẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìkíni, fẹsẹ̀ rẹ gbé e wá.”

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n san ìkíni gbogbo ọjọ́ mọ́kànlélógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé eré ni. Wọn ò ṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Lundi, ìyẹn ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo ń la ẹnu dáadáa, wọ́n ń béèrè ọkọ, wọ́n ń béèrè ọmọ, ẹ̀rín ń pa wá. Bí a ṣe dé ìkíni ọjọ́ kẹjọ, fóònù mi dún nínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.