Idà Bàbá Jàmílà

Òórùn òróró àgbọn tó ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Peckham ló dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, irun lẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Ní tèmi, idà ló máa ń rán mi létí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ilé kan náà ni àwa àti àwọn òbí Jàmílà ọ̀rẹ́ mi ń gbé, lẹ́yìn Old Kent Road: àwa nísàlẹ̀, àwọn lókè, ilé ìdáná kan ṣoṣo fún gbogbo wa. Mòró ni wọ́n, Mùsùlùmí bíi tiwa, láti erékùṣù Sulu ní gúúsù Filipíìnì. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń fi òróró àgbọn nu idà ìran wọn, tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìrìn ejò. Àwa ọmọdé á jókòó tì í bí ẹni tó ń retí ẹran Iléyá. Ó kọ́ wa bí a ṣe lè dá a mọ̀: ti Jáfà, erékùṣù Java ní Indonéṣíà, kéré, àfigún ni, ti Mòró fẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan sì di ojú idà mọ́ èèkù, kó má baà yí lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ṣá nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, a wá idà náà tì. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti yàrá wọn pa kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá se tíì. Bàbá mi ni wọ́n ń fojú olè wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí Lewisham, n kò sì rí Jàmílà mọ́. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni mo ń búra fún pé bàbá mi ò mú un.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onírun yìí, ọmọ Yorùbá kan pàtẹ ohun àtijọ́. Idà kọ́lọkọ̀lọ kan wà níbẹ̀.

"Mummy, original Java nìyẹn o," ló wí.

Mo gbé e. Ó fẹ̀, irin pẹlẹbẹ yẹn wà lọ́rùn èèkù. Mòró ni. Mo yí i padà, mo rí bọ́tìnnì funfun tí bàbá Jàmílà fi dí ibi tí èèkù ti sán.

"Ta ló tà á fún ẹ?"

"Daddy Nàìjíríà kan ní Kennington, ó ti pẹ́. I swear, Mummy, kì í ṣe stolen goods."

"Ṣé ó ń tiro?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ wọn fine."

Mo ra idà náà. Wọ́n ti wó ilé wa, fláàtì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, mo sì ti ń béèrè Jàmílà káàkiri mọ́ṣáláṣí Lewisham. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń tiro, títí ó fi kú; ìdí tí mo fi béèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo ń búra nítorí rẹ̀ láti ìgbà yẹn, òun ni mo kọ́kọ́ fura sí.