Mọ́nítọ̀ Morónikẹ́ àti Wáráńtì Ẹ̀

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ìjókòó kò le, kó lọ bi Morónikẹ́ léèrè ní Moniya. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ níléèwé àwọn Onítẹ̀bọmi, kò rẹ̀ ẹ́ tó bí kíka kòkòrò ṣe rẹ̀ ẹ́. Àwọn oníwàádìí ọ̀gbìn kan ló gbéṣẹ́ náà fún un lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á fi fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, òun á ka kòkòrò dúdú tó wà lára ewé kọ̀ọ̀kan, á sì kọ iye wọn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó ra mọ́nítọ̀, ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń fi nǹkan hàn, fúnra ẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ló ń gbé ilé ró. Adéwọlé ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ díákónì, ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Apá ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, tòsì sì ń gbọ̀n. Oògùn ẹ̀ kò gbọdọ̀ tán nílé, kíka kòkòrò ló sì ń rà á.

Mọ́nítọ̀ náà pé oṣù márùn-ún ni Nimotallahi, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, pè é lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a mọ̀ọ́mọ̀ fi ewé tí kò ní kòkòrò kankan sáàárín èyí tá a fi ránṣẹ́ sí yín ni. Mẹ́ta mẹ́ta lẹ kọ sí gbogbo wọn. Tí kò bá dáwọ́ dúró kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì. Kò sí lọ́wọ́ mi, mà."

Morónikẹ́ kọ́kọ́ bínú. Èwo ni kí ọmọdé máa dẹ pàkúté fún àgbà? Ó gbé fọ́tò ewé kúrò lójú mọ́nítọ̀, ó jẹ́ kó funfun báláú. Ló bá rí àmì dúdú mẹ́ta, bíńtín bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó fi aṣọ nù wọ́n títí, wọn ò kúrò. Ojú ibẹ̀ ti kú, kò lè tanná mọ́. Àwọn àmì yẹn ló ti ń kà ní kòkòrò. Tísà àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó pe Mahfuz, tó ta mọ́nítọ̀ náà fún un n'Ìbàdàn. Mahfuz ní wáráńtì ọdún kan wà lórí ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé àmì náà gbọ́dọ̀ pé márùn-ún kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀wà, tẹ́ ẹ sì bá òkúta nínú ẹ̀, ṣé ẹlẹ́wà á ní kí eyín yín márùn-ún kọ́kọ́ kán ná?

Láràárọ̀ ló ń ka àmì kó tó ka kòkòrò. Ó gbìyànjú láti máa fo ojú ibi tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n kòkòrò gidi náà máa ń wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n di mẹ́fà, inú ẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Kò sọ iye wọn fún Adéwọlé, ó kàn ní òun ń gbé mọ́nítọ̀ padà lọ fún ẹni tó tà á.

Mahfuz ka àmì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jàre, mà." Ó ti ń kọ ìwé pààrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ọláwálé, tó ń tún nǹkan ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà, tú ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ bí ìlànà wọn ṣe wí. Ọláwálé ti ìka bọ inú ẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀.

"Òróró ló wà níbí. Òróró olífì."

Mahfuz gbé bírò sílẹ̀. "Ohun tó ń ṣàn bá ti wọnú ẹ̀, wáráńtì ti parí nìyẹn, mà. Ta ló da òróró sí mọ́nítọ̀?"

Morónikẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n rà á ni pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i, bí wọ́n ti ń ṣe sí mọ́tò àti fíríìjì tuntun. Adéwọlé ní òun fúnra òun lòun máa ta òróró sí i, pé díákónì ṣì lòun. Ọwọ́ òsì ẹ̀ gbọ̀n, òróró tó yẹ kó kán díẹ̀ dà gbuuru sínú àwọn ihò tó wà lórí mọ́nítọ̀. Gbogbo wọn ṣe àmín, Morónikẹ́ sì fi aṣọ nu ẹ̀yìn òde. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka wo ni kí wọ́n wá gé níbí yìí?

Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Mahfuz ò lè wojú ẹ̀ mọ́. Ó ní iléeṣẹ́ tó ṣe é á tún tú u wò, wọn á sì rí òróró. Ló bá gbé e padà sínú páálí fún un.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Moniya, ó sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá ẹnì kan ló kú. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ọ̀nà tó fi lè ra òmíì.

Adéwọlé ti ń retí ẹ̀ ní pálọ̀.

"Màmá Títí, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀?"

Ó wo ọwọ́ òsì tó ń gbọ̀n lórí itan ọkọ ẹ̀. Inú ń bí i gidigidi, òótọ́ ọ̀rọ̀ ti dé ètè ẹ̀. Ó gbé e mì.

"Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní àmì náà ò tíì tó iye tó wà nínú ìwé wọn."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Ara tu Adéwọlé. "Ìyẹn kì í ṣe nǹkan lójú Ọlọ́run. Gbé e wá síbí."

Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀. Adéwọlé gbé ọwọ́ lé e, ó dijú, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lára ẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí àmì náà pọ̀ sí i kí oṣù tó parí. Àdúrà náà pẹ́, òógùn bò ó. Morónikẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó sì ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.