Ọwọ́ Ọ̀tún Mọ́ládùn

Ó ti di ọdún méjì tí ọwọ́ ọ̀tún Mọ́ládùn ti ń gbọ̀n, tí kò dúró sójú kan mọ́. Àìsàn Pákínsìn ni dókítà pè é. Ata ilẹ̀ pupa lílọ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní turmeric, ló ń tà ní Ìfọ́n, ọwọ́ òsì ló sì fi ń na ọjà sí àwọn oníbàárà, kí wọ́n má baà rí ọ̀tún. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Ìyá Azeezat, àgbàlagbà tó ń ti Ìlobù wá rajà, tilẹ̀ fìbínú lọ: "Èmi lo nawọ́ òsì sí?"

Mọ́ládùn túbọ̀ ki ọ̀tún bọ abẹ́ ìborùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Tèmítọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ sáré wọlé láti Òṣogbo. "Màmá, àwọn onímọ̀ ìwádìí ní èròjà ara kan tó ń jẹ́ pùrótéènì ló ń ṣù nínú ọpọlọ ẹni tó ní àìsàn yín, bí ọkà tó ní kókó. Nǹkan kan wà nínú ata ilẹ̀ pupa tó jọ pé kì í jẹ́ kó ṣù."

"Ó ti wo ẹnìkan sàn?"

"Rárá o, inú ìgò ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò. Ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀."

"Ṣé inú ìgò ni mò ń gbé ni?"

Ó rí i pé ìwòsàn kò tíì dé, fífi ọwọ́ pamọ́ sì ti sú u. Ó bu ata ilẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sí Ìlobù, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Azeezat, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún na ọ̀rá náà sí i. Bí ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n, ata ilẹ̀ ń dà sórí aṣọ ìyá náà.

"Ọ̀tún tí ẹ ń bèèrè nìyí, Ìyá. Ẹ bá mi dì í mú."