Ọkọ̀ Òfúrufú Tó Fìdí Rẹmi Lórí Tábìlì Gbádéyan

Kò sí awakọ̀ kan ní Ìlọrin láyé ìgbà náà tí kò mọ Fọlọ́runṣọ́ Gbádéyan, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ fojú kàn án láàárọ̀. VIO ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ọkùnrin gbọọrọ kan tó máa ń fi bírò pupa há etí, tí yóò na gbalaja sábẹ́ mọ́tò yín pẹ̀lú ṣòkòtò kakí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bí búréèkì yín kò bá dáa, kò dáa náà ni. Ẹ lè dárúkọ àbúrò bàbá yín tó jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba, ẹ lè gbé ẹyin awó lọ sílé rẹ̀. Yóò dá ẹyin padà, yóò sì tún búréèkì náà wò lẹ́ẹ̀kejì, bóyá àbùkù mìíràn wà tí òun kò rí tẹ́lẹ̀.

Ohun tí àwọn awakọ̀ kò mọ̀ ni pé bí Gbádéyan bá délé nírọ̀lẹ́, tó wẹ̀, tó jẹun tán, ọkọ̀ mìíràn ló tún máa ń jókòó tì. Ọkọ̀ òfúrufú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ń gbé èèyàn lọ sí Mẹ́kà. Eré tẹlifíṣọ̀n kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ogun Òfúrufú, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ọkọ̀ jagun láàárín ìràwọ̀. Àwọn kan lókè òkun máa ń fi irin àti rọ́bà ṣe àwọn ọkọ̀ inú eré yẹn ní kékeré, tí kò gùn ju ọwọ́ lọ, àwọn àgbàlagbà sì máa ń rà wọ́n jọ, kì í ṣe fún ọmọ wọn o, fún ara wọn. Irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá VIO wa.

Òyìnbó ẹnjiníà omi kan tó ń gbé GRA ló kó ìfẹ́ yìí ràn án. Lọ́dọọdún ni òyìnbó yìí ń gbé mọ́tò wá fún àyẹ̀wò, ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan sì máa ń wà nídìí dígí iwájú. Gbádéyan á wo táyà tán, á wo iná tán, á wá dúró síwájú dígí, á máa wo ọkọ̀ kékeré náà bí ẹni tí ebi ń pa. Òyìnbó ní kó mú un, ó kọ̀. Lọ́dún kejì, ó tún kọ̀. Nígbà tó di 1988, òyìnbó ta mọ́tò rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ sílé, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ọkọ̀ náà nínú páálí rẹ̀. Ó ní òun kò ní mọ́tò kankan mọ́ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀bùn ni èyí. Gbádéyan rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí òfin tó lòdì sí i, ó gbà á. Ayọ̀ pọ̀ débi pé ó fẹsẹ̀ rìn délé kí ó tó rántí pé kẹ̀kẹ́ lòun gùn lọ síbi iṣẹ́.

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ wà nínú páálí náà. Wọ́n ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní ọkọ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀, kó sọ èyí tó dáa níbẹ̀ àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Gbádéyan wọ ẹgbẹ́, ó sì kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí èèyàn lè gbà yẹ ọkọ̀ wò. Ó fa ilà sórí ìwé bíi ti ọ́fíìsì, ó kọ búréèkì, iná, họ́ọ̀nù, dígí, ó sì fi ọ̀rọ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọkọ̀ náà kò ní dígí ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀tá bá wá yọ lẹ́yìn, kí ni awakọ̀ yóò fi rí i? Ó ní kò ní sípíà táyà, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ láàárín ìràwọ̀ méjì, ta ni wọn yóò ké sí? Nísàlẹ̀ ìwé, ó fi bírò pupa kọ ọ́ pé ó yege, ṣùgbọ́n kí ó lọ ra dígí.

Àwọn ará òkè òkun rò pé àwàdà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ̀wé ní gbogbo ìgbà. Gbádéyan kò ṣàwàdà rárá. Orí rẹ̀ wú, ó ra bírò pupa páálí kan.

Nígbà tí yóò fi di 1995, ọkọ̀ mọ́kànlá ló tò sórí pẹpẹ ní pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún Juliana ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, àti Ìbùkúnolúwa ọmọbìnrin wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju páálí tó bá ní àwòrán ọkọ̀ lára nù, ìbáà jẹ́ èyí tó ti ya. Ó ní ọkọ̀ tí kò ní páálí dà bí mọ́tò tí kò ní ìwé. Juliana, tí páálí ti lé ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde nínú yàrá, gba òfin náà láìjiyàn, ó sì pa á mọ́ ju ẹni tó ṣe é lọ.

Ọdún yẹn ni Ìyá Ọkọ̀ dé. Nínú eré náà, Ìyá Ọkọ̀ ni ọkọ̀ ńlá tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń sùn sínú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀ lókè òkun ti fi odidi ọdún méjì ṣe ọ̀kan, ẹgbẹ́ sì ní Gbádéyan ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá yege, wọn yóò ní kí bàbá náà ṣe ọgọ́rùn-ún fún títà, èyí àkọ́kọ́ yóò sì di ti olùyẹ̀wò. Bí kò bá yege, kí Gbádéyan dá a padà, iṣẹ́ bàbá parí nìyẹn.

Bí Gbádéyan ṣe gbé e délé láti pósítọ́fíìsì, ẹ ó rò pé ìkókó ló gbé. Ó gbé e sórí tábìlì ìjẹun, ó tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn tó apá, ilẹ̀kùn gbàgàdà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró. Ibi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ni iwájú. Bàbá arúgbó ti ka gbogbo ìwé tó ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá, ó ti fi dígí ẹ̀gbẹ́ sí i. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọn kò tóbi ju ìrẹsì lọ.

Gbogbo nǹkan yege. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo: kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jáde lọ jagun. Ó tò wọ́n. Ìyá Ọkọ̀ rọra tẹ̀, ó ṣubú gbì sórí tábìlì. Ó tún un ṣe, ó tún ṣubú. Òfin rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju gbogbo mọ́kànlá tó wà lórí pẹpẹ lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò lè dúró kò lè dúró. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ pé kò yege. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Táòfíkì ní Táíwò Road, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, tí wọ́n sì ń fi fáàsì, ẹ̀rọ tí ń gba orí wáyà fóònù fi ìwé ránṣẹ́, ṣiṣẹ́. Wọn yóò tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Juliana gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbádéyan fẹ́ ki òkèlè bọ̀ ọ́, ó dá ọwọ́ dúró. Ọbẹ̀ ti kan etí abọ́ lápá ọ̀tún, lápá òsì ó jìnnà sí etí. Ó yí abọ́ padà. Apá ọ̀tún náà ni ọbẹ̀ tún lọ. Ó dìde, ó mú kanfọ̀ kan nínú àpótí aṣọ, ó gbé e sí àárín tábìlì. Kanfọ̀ yí gbirigbiri, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ àga.

Juliana ti ń wò ó tipẹ́. "Bàbá Ìbùkún, ṣé ọkọ̀ yẹn ló jẹ̀bi ni, àbí ibi tí ẹ gbé e lé?"

Ó wá ṣàlàyé. Níjọ́ Sátidé ìmọ́tótó tó kọjá, kí Ìyá Ọkọ̀ tó dé, ó sún tábìlì kí ó lè gbálẹ̀, ó sì rí páálí kan tí wọ́n ká, tí wọ́n kì sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó tú u wò, ó rí àwòrán ọkọ̀ òfúrufú lára rẹ̀. Nígbà tí òfin sì jẹ́ òfin, ó nù ún, ó fi ayọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù. Gbádéyan lọ wò ó. Ìdérí páálí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni, ti òyìnbó ẹnjiníà. Òun fúnra rẹ̀ ló kì í síbẹ̀ ní 1989, kí ó tó ṣòfin. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Wọ́n ki páálí padà sáyè rẹ̀. Ìyá Ọkọ̀ ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ mẹ́fà tò sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró. Wọ́n gbé agolo iyọ̀ lé e, ó dúró. Ọ̀gá VIO jó yí tábìlì ká pẹ̀lú ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, Juliana ń pàtẹ́wọ́ fún un, ọbẹ̀ sì tutù pátápátá.

Láàárín ijó ló dúró. Bí òun bá yí ẹjọ́ padà báyìí, ọkọ̀ di ti òun. Ta ni yóò gbà pé tábìlì ló fà á? Wọn yóò ní ojú ọ̀gá VIO ti wọ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí òun bá dákẹ́, bàbá arúgbó ti fi ọdún méjì ṣòfò lórí ẹsẹ̀ tábìlì kan ní Challenge.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Táòfíkì. Bí Táòfíkì ṣe ṣílẹ̀kùn ni wọ́n múná lọ. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ títí ọwọ́ fi ro wọ́n. Iná dé, ìlà fóònù kò wọlé. Gbádéyan ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yẹ búréèkì gbogbo mọ́tò tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó di aago mọ́kànlá kí fáàsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Táòfíkì ka ìwé náà bó ṣe ń wọlé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ yege, tábìlì Gbádéyan ló fìdí rẹmi, òun sì ń dá ọkọ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n fi ra òun.

"Ọ̀gá, wàláhì, ẹ̀tọ́ yín mà ni," ni Táòfíkì wí. "Kí lẹ ń dá a padà sí?"

"Bí mo bá mú un, Táòfíkì, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí gbọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló di ọkọ̀ náà, ó sì gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni àlàfo kan fi wà lórí pẹpẹ, kò jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ó dùn ún. Ó máa ń wo ibẹ̀ bó bá ń jẹun.

Ní oṣù Kejìlá, páálí ńlá kan dé. Ìyá Ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà bàbá arúgbó. Ó ní ẹgbẹ́ ti ní kí òun ṣe ọgọ́rùn-ún, èyí sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Kì í ṣe èyí tí Gbádéyan yẹ̀ wò, nítorí náà kó má dá a padà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló dáwó rà á, iṣẹ́ àyẹ̀wò sì ti parí, nítorí náà ẹ̀bùn ni. Gbádéyan rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí òfin tó lòdì sí i.

Nǹkan kékeré kan ṣì wà nísàlẹ̀ páálí, tí wọ́n fi bébà wé. Ègé igi kan ni, pẹlẹbẹ, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ fàdákà bíi ti Ìyá Ọkọ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Lẹ́tà ní ti abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni. Dígí ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Gbádéyan na gbalaja sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó yọ páálí, ó ki igi náà sí i, ó wo dígí ọ̀tún, ó wo dígí òsì. Ẹ̀rín ń pa á tó bẹ́ẹ̀ tí tábìlì fi ń mì. Juliana bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í bóyá ó yege. Ó ní kó kọ́kọ́ lọ to páálí yẹn mọ́ àwọn yòókù, kó sì bá òun mú bírò pupa bọ̀.