Ibi Tí Báírò Dé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà kan ti ń wọn kókó ọrùn àwọn aláìsàn fáwọn dókítà tó ń ṣèwádìí oògùn tó ń mú un súnkì. Báírò ló fi ń fa ìlà yí kókó po, kó lè padà wọn ọ̀kan náà lóṣù tó ń bọ̀.

Ti bàbá télọ̀ kan súnkì. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ ti bọ́!” Inú bàbá dùn, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó rán aṣọ iṣẹ́ funfun fún un. Àṣé kókó mìíràn wà ní kòtò ọrùn, níbi tí báírò ò yí po. Òun ló pa bàbá.

Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù nílé, aṣọ yẹn á dúró bí èèyàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, “Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò wọ̀ ọ́ rí?”

“Ẹni tó rán an ò fibì kankan sílẹ̀ nígbà tó ń wọ̀n mí. Èmi, ibi tí báírò dé ni mo wọ̀n.”