Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Níwájú Búdà

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi ròyìn ohun tójú mi rí lórí òkè kan ní Kòríà.

Kòríà ni Bísí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí wọ́n bímọ, wọ́n ní kí n wá wò ó. Tayọ̀tayọ̀ ni mo kúrò ní Mushin. Àṣé wọ́n ti ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ rẹ̀ náà!

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ Bísí dúró ti ọmọ nílé, Bísí sì mú àwa bàbá méjèèjì lọ wo àwọn ère Búdà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta lórí òkè náà.

Ibẹ̀ rẹwà o, n ò ní purọ́. Odò kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, omi rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ lè ka òkúta inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé mo ráyè wo odò? Ọwọ́ Bísí ni mo ń wò! Àna mi ló dì mú.

"Daddy, ẹ rọra o. Daddy, ẹ mu omi díẹ̀."

Èmi tí mo ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé nígbà òjò wá ń tẹ̀ lé wọn bí alágbàárù! Inú mi ń hó yaya. Kí ló dé tí òun jẹ́ Daddy, tí èmi jẹ́ Bàámi lásán?

Mo bá sáré kọjá wọn, kí Bísí lè rí i pé ọkùnrin ṣì ni mí. Èmi tí ẹ̀rù ibi gíga ń bà, tí mo máa ń di irin mú gírígírí lórí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà!

Mo dé iwájú Búdà ńlá kan tí wọ́n gbẹ́ bí ẹni tó jókòó, tó dijú jẹ́jẹ́. Àna mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi níbẹ̀ ni mo ṣèèṣì wo ìsàlẹ̀. Yéè! Àwọn ilé rí bíi páálí ìṣáná. Mo da àyà délẹ̀ gbalaja, mo di koríko mú.

Níbo ni orí mi wà? Níwájú bàtà àna mi! Èmi bàbá ìyàwó, tí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún lọ́jọ́ ìdána!

"Èèwọ̀!" Àna mi figbe ta. "Àna, ẹ dìde! Kí ni mo ṣe?"

N ò lè dìde. Ni òun náà bá dọ̀bálẹ̀, kó má bàa di pé òun dúró lé mi lórí.

Àwọn ará Kòríà rò pé Búdà la wá júbà. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó forí balẹ̀. Bísí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Bí a ṣe kojú síra wa nílẹ̀ yẹn, àna mi sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹ̀rù ti ń ba òun láti ìsàlẹ̀. Ká ní kì í ṣe Bísí tó di òun lọ́wọ́ mú ni, òun ì bá ti padà. Ó ní nígbà tí òun rí mi tí mo ń sáré níwájú, ńṣe ni òun ń jowú mi!

Ó ń jowú tèmi!

Bísí fà wá dìde. "Bàámi, mo rí yín o, bí ẹ ṣe ń fajú ro. Tí mo bá fi bàbá ọkọ mi sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n máa bú pé ẹ ò kọ́ mi?"

Àwa àgbà méjèèjì di ara wa lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tí ẹ bá ń jowú ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹsẹ̀ òun náà ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti jowú rẹ̀ lásán rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ rọra bú mi o, àna mi ń kà á!